Ìbò Àwọn Òǹkàwé àti Ìwé Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Ilé-Ìkàwé

Nínú gbogbo àwọn tí ń wá yá ìwé ní ilé-ìkàwé, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń fẹ́ tó olólùfẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ìtàn tí ẹnì kan ti dá ọ̀ràn ni ó ń fẹ́, tí a fi ọ̀daràn náà pamọ́ fún un, tí ọlọ́gbọ́n kan yóò sì tú àṣírí rẹ̀ kí ìwé tó parí. Ṣùgbọ́n irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ka ìwé tán. Bí a bá fún un ní ọ̀kan lónìí, ní ọ̀túnla yóò ti padà dé, yóò sì wí pé, "Ẹ bá mi wá òmíràn tí ó dà bí èyí." Olùtọ́jú ìwé tí a bi ní irú ìbéèrè yìí kò lè ti ka gbogbo ìwé tí ó wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Bí ó bá sì fún ẹni náà ní ìwé tí kò bá a lára mu lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ ẹni náà lè kúrò ní ilé-ìkàwé pátápátá. Nítorí náà, ó di dandan kí olùtọ́jú ìwé wá ohun tí yóò gbára lé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àwọn ìwé tí ó ti gba ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn wọ̀nyí pọ̀, ṣùgbọ́n a lè pín wọn sí ọ̀nà méjì: èyí tí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ń fi fún ni, àti èyí tí àwọn òǹkàwé fúnra wọn ń dìbò fún. Èkejì yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ìbò òǹkàwé ṣe atọ́nà fún ẹni tí ó wá yá ìwé? Èrò tèmi ni pé ó tọ́, bí a bá lè gba ìbò náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, tí a kò gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Ẹni tí ń jẹ́rìí ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àwa tí ń gbọ́ ẹ̀rí náà ni ó yẹ kí a bèèrè ibi tí ó dúró sí nígbà tí ó ń wò ó.

Àwọn Tí Ń Dìbò

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀bùn àwọn onídàájọ́, kí ìyàtọ̀ lè hàn. Ní ọdún 1945 ni àwọn òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mystery Writers of America. Láti ọdún 1946 ni ẹgbẹ́ náà ti ń fi ẹ̀bùn Edgar fún ni ní ìrántí Edgar Allan Poe. Àwọn òǹkọ̀wé tí a yàn sínú ìgbìmọ̀ ni ó ń ka àwọn ìwé ọdún kan, tí wọ́n sì ń yan èyí tí ó tayọ. Oníṣẹ́ ni ó ń yẹ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ti í gbé ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ mìíràn rọ sókè, tí í sì wo ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ti àwọn òǹkàwé yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 1970 ni àwọn olólùfẹ́ ìtàn wọ̀nyí kọ́kọ́ péjọ ní Santa Monica ní ìpínlẹ̀ California. Wọ́n sọ àpéjọ náà ní Bouchercon láti bu ọlá fún Anthony Boucher, òǹkọ̀wé àti alámèyítọ́ tí ó kú ní ọdún 1968. Ní ọdún 1986 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀bùn Anthony fún ni níbẹ̀: àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ni ó ń dá orúkọ ìwé, àwọn tí ó wá sí àpéjọ ni ó sì ń dìbò. Ní ọdún 1987 ni ẹ̀bùn Macavity bẹ̀rẹ̀, èyí tí a fi orúkọ ológbò kan nínú ewì T. S. Eliot pè, ìbò àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Mystery Readers International ni a fi ń yan ẹni tí yóò gbà á. Ní ọdún 1989 ni àpéjọ Malice Domestic bẹ̀rẹ̀ nítòsí ìlú Washington, níbi tí àwọn àlejò ti ń dìbò fún ẹ̀bùn Agatha, ní ìrántí Agatha Christie. Ní ọdún 1997 ni ti Barry dé, èyí tí ó jẹ́ ti àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn Deadly Pleasures.

Ẹ̀bùn mẹ́rin ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń dìbò kì í ṣe ìran kan náà. Ẹni tí ó lọ sí Malice Domestic ti mọ irú ìwé tí òun fẹ́ kí ó tó jáde nílé. Ìwé tí kò ní ìtàjẹ̀sílẹ̀ púpọ̀ ni, tí kò sọ ọ̀rọ̀ iyàrá ní gbangba. Ẹni tí ó ń tọ pinpin ọ̀ràn inú rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ará àdúgbò kan lásán tí kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí ìyá àgbàlagbà kan bá wọ ilé-ìkàwé, tí ó ní òun fẹ́ ìtàn tí òun lè kà lálẹ́ láìsí pé oorun dá lójú òun, àkọsílẹ̀ àwọn ìwé tí ó gba Agatha ni kí a ṣí fún un. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá sì fẹ́ ìtàn tí ọkọ̀ ti ń sáré, tí ìbọn ti ń dún, àkọsílẹ̀ kan náà yóò ṣì í lọ́nà. Ìbò náà kò burú. Àwọn tí ó dì í ni kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹni tí yóò dìbò ní àpéjọ ní láti san owó ìforúkọsílẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀, kí ó sì sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kò ní owó tàbí àyè fún èyí lè jẹ́ ẹni náà gan-an tí ó ń yá ìwé jù lọ, nítorí pé kò ní owó tí yóò fi rà á. Ìbò àwọn tí ó rin ìrìn-àjò kò lè ṣe agbẹnusọ fún un pátápátá.

Ibi Tí Ìbò àti Ìdájọ́ Ti Pàdé, àti Ibi Tí Wọ́n Ti Pínyà

Ní ọdún 2014, ìwé Ordinary Grace tí William Kent Krueger kọ gba Edgar lọ́wọ́ àwọn onídàájọ́, ó sì gba Anthony, Barry àti Macavity lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé. Ìtàn ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan ni. Ọmọ pásítọ̀ ni, ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní ọdún 1961, nígbà tí ikú ń wọ ìlú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpànìyàn wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tọ pinpin ọ̀ràn yóò rí èyí tí yóò tọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé ìwé náà ró ni bí ìdílé kan ti ń ru ẹrù ìbànújẹ́, tí olúkúlùkù wọn sì ń rù ú lọ́nà tirẹ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ àti oníbàárà bá jọ yin ọjà kan, olùtọ́jú ìwé lè fi ọjà náà lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ láìmikàn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀.

Ní ọdún 2021, ọ̀nà wọn pínyà. Ìwé Blacktop Wasteland ni àwọn òǹkàwé fi Anthony, Barry àti Macavity dá lọ́lá. S. A. Cosby ni ó kọ ọ́, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí a bí ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ìtàn mẹkáníìkì kan ni, Beauregard Montage, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn títí ó fi padà sí iṣẹ́ tí ó ti kọ̀ sílẹ̀, èyíinì ni wíwa ọkọ̀ fún àwọn olè. Ìwé tí àwọn onídàájọ́ fún ní Edgar lọ́dún náà ni Djinn Patrol on the Purple Line, tí Deepa Anappara, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, kọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ń jẹ́ Jai ni ó ń sọ púpọ̀ nínú ìtàn yìí. Àwọn ọmọdé ń sọnù ní àdúgbò àwọn òtòṣì tí ó ń gbé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń wá wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n.

Bí a bá ka ìwé méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, ìdí ìpínyà náà kò ní ṣòro láti rí. Ìwé Cosby kì í jẹ́ kí òǹkàwé sinmi. Bí wàhálà kan bá tán, òmíràn ti dé ẹnu ọ̀nà, a ó sì máa sáré tẹ̀lé Beauregard láti mọ̀ bóyá ohun tí ó jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀ ni òun náà yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ìwé Anappara ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹ̀rín ọmọdé ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rín náà ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yé wa pé àwọn ọlọ́pàá kò ka ọmọ tálákà kún. Ìwé àkọ́kọ́ gbé òǹkàwé lọ bí odò tí ó kún. Èkejì mú un jókòó, ó sì ní kí ó ronú. Ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú àárẹ̀ lè fẹ́ ti àkọ́kọ́, kí òun kan náà sì fẹ́ èkejì ní ọjọ́ ìsinmi. Ilé-ìkàwé tí ó bá ń tẹ̀ lé ìbò nìkan yóò fi ìwé Anappara du àwọn òǹkàwé rẹ̀. Èyí tí ó bá sì ń tẹ̀ lé àwọn onídàájọ́ nìkan yóò fi ti Cosby dù wọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan yóò sọ pé ariwo ọjà lásán ni ìbò, pé ohun tí ó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ohun tí ó wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú. Àwọn méjèèjì ni ó ní òtítọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2000, nígbà tí àwọn ará Bouchercon yan ìwé tí ó tayọ jù lọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Rebecca ni wọ́n yàn, ìwé tí Daphne du Maurier gbé jáde ní ọdún 1938. Kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ń rìn kiri nínú ìwé yìí. Ọmọbìnrin tí ó fẹ́ opó ọkùnrin ni a ń bá rìn, tí òjìji ìyàwó tí ó kú ń dẹ́rù bà nínú ilé ńlá; ìwé ti jìnnà kí a tó mọ̀ pé ìpànìyàn wà níbẹ̀. Alámèyítọ́ tí ó bá ń fi ìlànà pààlà lè má ka ìwé yìí mọ́ ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rárá. Àwọn òǹkàwé kà á mọ́ ọn. Ohun tí ìbò yẹn kọ́ olùtọ́jú ìwé ni pé ọ̀nà wà láti pẹpẹ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé pẹpẹ ìtàn ìfẹ́, àti pé ẹni tí ó fẹ́ràn ọ̀kan lè gba ọ̀nà náà dé èkejì.

Ewu Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Ewu kan wà tí àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn kì í sọ fún ni. Àwọn òǹkàwé tí ń dìbò jẹ́ ẹni tí ó ti ń bá òǹkọ̀wé bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ti ka ìwé rẹ̀ márùn-ún, wọ́n wá dìbò fún ẹ̀kẹfà. Ní ọdún 2011, ìwé Bury Your Dead ti Louise Penny, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, gba Agatha, Anthony àti Macavity. Ìwé kẹfà ni nínú ìtàn ọ̀gá ọlọ́pàá tí ń jẹ́ Gamache. Nínú rẹ̀ ni a ti tún ọ̀ràn ìpànìyàn inú ìwé karùn-ún, The Brutal Telling, gbé yẹ̀ wò, tí a sì sọ bí ó ti parí ní ti gidi. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ fún ní ìwé kẹfà yìí, nítorí pé ó gba ẹ̀bùn mẹ́ta, a ti ba ìwé karùn-ún jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè inú rẹ̀ kò sì ní yé e. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Olùtọ́jú ìwé tí ó jẹ́ ọmọ yóò rí ẹ̀bùn náà, yóò sì nawọ́ sí Still Life, ìwé àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ọdún 2005, yóò wí pé, "Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ìbò Ilẹ̀ Òkèèrè àti Ìwé Tiwa

Ọ̀ràn yìí kàn wá ju bí a ti lè rò lọ. Ní ọdún 2019, nígbà tí Bouchercon wáyé ní ìlú Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas, ìwé tí ó gba Anthony ti ìwé àkọ́kọ́ ni My Sister, the Serial Killer, tí Oyinkan Braithwaite, ọmọ Nàìjíríà, gbé jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2018. Àwọn onídàájọ́ Edgar fi ẹ̀bùn ti ìwé àkọ́kọ́ fún Bearskin ti James A. McLaughlin lọ́dún náà. Ìlú Èkó ni ìtàn Braithwaite ti ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Kóredé. Ayọ̀ọlá àbúrò rẹ̀ arẹwà a máa pa àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ẹ, Kóredé a sì máa nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀.

Ìwé yìí kò fi apànìyàn pamọ́ fún wa. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni a ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kò mọ̀ ni ohun tí ẹ̀gbọ́n yóò ṣe nígbà tí dókítà tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àbúrò. Ní èrò tèmi, òǹkàwé ilẹ̀ òkèèrè lè rí àrà tuntun nínú èyí, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa wá ẹni tí ó pa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tọ́ nílé Yorùbá mọ ìbéèrè ìwé náà kí ó tó ṣí i. Wọ́n ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n láti kékeré pé òun ni kí ó mójú tó àbúrò. Ta ni ó wá sọ ibi tí ìmójútó náà yóò pin sí? Baba oníjàgídíjàgan tí ó ti kú tún wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tí ohun tí ó ṣe sí ìdílé rẹ̀ kò bá a kú. Bí olùtọ́jú ìwé ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó bá sọ fún òǹkàwé pé, "Ìwé yìí gba ẹ̀bùn ní Amẹ́ríkà," ó ti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi èyí tí ó dára jù sílẹ̀. Kí ó sọ pé, "Ọ̀ràn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni," ẹni náà yóò jókòó kà á.

Nígbà tí òǹkàwé náà bá padà wá tí ó ní òun fẹ́ òmíràn ńkọ́? Kò sí ìbò Dallas tí yóò darí rẹ̀ sí Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní ọdún 1969, tàbí sí Àgbàlagbà Akàn tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1971. Kò sí èyí tí yóò darí rẹ̀ sí Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé, tí ó jáde ní ọdún 1976. Bẹ́ẹ̀ ni Làpàdé, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò rẹ̀yìn sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan tí a ti dìbò fún nílẹ̀ òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Akínlàdé, tí ó fi sùúrù àti ìbéèrè ṣe ohun ìjà. Àwọn ìwé wọ̀nyí kò pàdánù ìbò kankan. Wọn kò dé ibi tí a ti ń di ìbò náà rí, nítorí èdè tí a fi kọ wọ́n. Ilé-ìkàwé tí ó bá fi àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn ilẹ̀ òkèèrè nìkan ṣe atọ́nà yóò jẹ́ kí wọ́n sùn lórí pẹpẹ títí eruku yóò fi bò wọ́n, ní ìlú tí a ti lè gbọ́ wọn ní àgbọ́yé jù lọ.

Ìmọ̀ràn

Ohun mẹ́rin ni mo rò pé ó yẹ kí olùtọ́jú ìwé máa ṣe. Èkíní, kí ó mọ àwọn tí ó dìbò kí ó tó lo ìbò wọn, kí ó sì fi wọ́n wé ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Èkejì, kí ó máa wo gbogbo ìwé tí a dá orúkọ wọn fún ẹ̀bùn, kì í ṣe èyí tí ó borí nìkan, nítorí pé ìwé tí ó ṣe ipò kejì tàbí ìkẹta lè jẹ́ èyí tí òǹkàwé kan ń wá. Ẹ̀kẹta, kí ó wádìí bóyá ìwé náà dá dúró tàbí ó tẹ̀ lé àwọn mìíràn. Níhìn-ín ni ẹ̀bùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wúlò: Dagger in the Library, ti ẹgbẹ́ Crime Writers' Association tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1953. Gbogbo iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni ẹ̀bùn yìí ń wò, kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2004, Alexander McCall Smith ni ó gbà á, ẹni tí ó kọ ìtàn obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Botswana. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ń sọ fún wa pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọ̀kan yóò rí òmíràn kà.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù fún àwa tí ń ka ìwé ọdọọdún yìí. Kí ilé-ìkàwé jẹ́ kí àwọn òǹkàwé tirẹ̀ dìbò. Kò gba owó púpọ̀. Kí a fi ìwé pélébé kan sínú ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan tí a bá yá ènìyàn, kí ẹni tí ó bá kà á kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá yóò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà, àti irú ọ̀rẹ́ tí yóò fún. Ìbéèrè kejì yìí ni kò sí nínú ìbò àwọn ará òkèèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni olùtọ́jú ìwé nílò láti mọ̀. Ní òpin ọdún, kí a ka ìbò náà, kí ẹgbẹ́ wa tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé yìí, kí a sì kọ iye àwọn tí ó dìbò sí i, bí wọn kò tilẹ̀ ju ogún lọ. Ogún òǹkàwé tí a mọ ibi tí wọ́n dúró sí tó ẹ̀rí láti gbé Làpàdé kúrò nínú eruku.